Ológbò mi ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà rẹ̀ ń fò sókè sódò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dúdú, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ yín. Dúdú lorúkọ ológbò mi, ó ti pé ọmọ ọdún 11. Akọ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá láti kékeré, ó sì ti sanra tó kílò 6 nígbà kan. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo ti ń kíyè sí i pé omi ló ń mu ṣáá. Abọ́ omi tó máa ń mu fún ọjọ́ méjì ti ń gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Yanrìn tó ń tọ̀ sí ń di ògúlùtu, èèrà sì ń tò lọ síbẹ̀. Oúnjẹ kì í tó o, síbẹ̀ bí mo bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn, eegun ni mò ń kà. Èyí tó já mi láyà jù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀yìn: kò fi ọmọ ìka tẹlẹ̀ mọ́, gìgísẹ̀ ló ń tẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì lè fò gun àga tó ti ń sùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 431, ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Kílò 4.6 ló kù. Ó ní ká máa gún un ní ínsúlínì Lantus, oògùn tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, yúnìtì 1 ní aago 7 àárọ̀, yúnìtì 1 ní aago 7 alẹ́, ká sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Àṣìṣe tèmi nìyí. Èmi náà ní àtọ̀gbẹ, mo ní mítà tí a fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ kẹta mo wò ó láàárọ̀, ó jẹ́ 342. Mo ní oògùn yìí ò mà ràn án. Mo fi kún un láìbi ẹnikẹ́ni, ó di 2. Ilẹ̀ mọ́, 365. Mo tún sọ ọ́ di 3. Àná, ní nǹkan bí aago 1 ọ̀sán, mo bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó fẹ́ dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó forí gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mítà kà 52. Mo sáré fi oyin ra á ní èrìgì, mo ń sunkún, mo ń pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15 ó jẹ ẹja, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tó di aago 7 alẹ́ tí mo tún wò ó, 398! Mi ò gún un lálẹ́ àná. Lónìí mo padà sí 1. Ẹ dákun, báwo ni ohun tó wà ní 52 lọ́sàn-án ṣe ń di 398 lálẹ́?


Nọ́ọ̀sì Ìdó, Ìdó-Èkìtì
Ọjọ́ Ajé, 9:34 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kú ìpayà. Oyin tí ẹ fi ra á ní èrìgì yẹn ló gbà á. Wàràwàrà là ń yọ oró iná, ẹ ò sì fi àkókò ṣòfò.

Kí ẹlòmíì tó ń kà á lè mọ̀: bí ológbò bá ń gbọ̀n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń ké lódì, tàbí tó sùn tí kò jí dáadáa lẹ́yìn ínsúlínì, ẹ má kọ́kọ́ máa wá mítà kiri. Bó bá lè jẹun, ẹ gbé oúnjẹ fún un kíá. Bí kò bá lè jẹ, ẹ fi oyin tàbí glúkósì tí ẹ pò mọ́ omi díẹ̀ ra èrìgì rẹ̀. Bí gìrì bá mú un, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, á gba ọ̀nà ọ̀fun òfuurufú lọ; ẹ má sì ki ìka bọ ààrin eyín rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ètè nínú lọ́hùn-ún ni kí ẹ fi pa, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì jí, iṣẹ́ ò tíì parí. Lantus kì í tètè kúrò lára, ṣúgà tún lè já wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ máa wò ó ní ìṣẹ́jú 20, 30, títí ẹ ó fi rí i pé ó dúró.

Mo máa ń sọ fún àwọn tó ní ológbò bẹ́ẹ̀ pé kí ìgò oyin wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé ilé pàápàá á ti tó o.


Dókítà Ẹranko, Ìkéré-Èkìtì
Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ìyá wa, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn dáadáa, torí ohun tó ṣe yín yìí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tó nífẹ̀ẹ́ ẹran wọn.

Lantus kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń gún lónìí tí á rí agbára rẹ̀ pátá lónìí. Ó ń pẹ́ lábẹ́ awọ ara kó tó yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ti àárọ̀ ò tíì tán lára tí ti alẹ́ fi ń dé bá a. Ó máa ń tó ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan kí èèyàn tó mọ ohun tí ìwọ̀n kan ń ṣe gan-an. Ẹ̀yin fi kún un lọ́jọ́ kẹta, ẹ tún fi kún un lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí agbára yúnìtì 3 fi máa dé, ó ti ju ohun tí ara kílò 4.6 lè gbà lọ. Ológbò púpọ̀ ni yúnìtì 1 láàárọ̀, 1 lálẹ́, ń tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà yín ò ṣe àṣìṣe.

Ohun kejì. Iye tí ẹ rí láàárọ̀, kí ẹ tó gún un, ibẹ̀ ni ṣúgà máa ń ga jù sí. Ibi tó ti máa ń wálẹ̀ jù jẹ́ bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ ò sì wo ibẹ̀ rí títí ọjọ́ tó fi gbọ̀n. 342 àárọ̀ kò lè sọ fún yín pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé lọ́sàn-án, ó wà ní 110, tó ń sùn jẹ́jẹ́.

Ìbéèrè yín nípa 52 tó di 398: nígbà tí ṣúgà bá já, ara á kígbe. Ẹ̀dọ̀ ní ṣúgà tó kó pamọ́, á tú u sílẹ̀. Ẹ fi oyin kún un, ẹ fi ẹja kún un, ẹ̀rù àti gìrì-gìrì yín kún un. Àwọn kan máa ń sọ pé gbogbo ṣúgà gíga ló jẹ́ irú ìpadàsókè bẹ́ẹ̀. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé kò wọ́pọ̀ tó bí a ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ibi yòówù kí 398 ti wá, ohun tó kàn lẹ́yìn 52 ni kí a dín oògùn kù. A kì í fi kún un. Ẹ dúró lórí 1, ẹ pe dókítà yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan 3 yẹn. Kò ní bá yín jà.

Mo ní ìbéèrè méjì fún yín. Ṣé wọ́n ti gún Dúdú lábẹ́rẹ́ nítorí ara yíyún rí? Báwo sì ni eyín rẹ̀?


Bàbá Ìlawẹ̀, Ìlawẹ̀-Èkìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Dúdú. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo rántí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Abo ni tèmi, Àdùkẹ́ ni mò ń pè é, ó sì wà láyé dòní.

Ìwé ló gbà mí. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan, mo fi rúlà la òpó márùn-ún sí i: ọjọ́ àti aago, ṣúgà, iye tí mo gún, ohun tó jẹ, àti bó ṣe rí. Òpó karùn-ún yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Níbẹ̀ ni mo ti ń kọ "ó gun fèrèsé", "ó mu omi lẹ́ẹ̀mejì péré", "ó fi ara nu mí lẹ́sẹ̀". Nígbà tí mo gbé ìwé náà fún dókítà, òpó yẹn ló kọ́kọ́ kà. Ó ní mítà lè purọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ omi kì í purọ́. Mo wá ń fi ife wọn omi tí mò ń bù fún un láàárọ̀, mo sì ń wọn èyí tó kù lálẹ́.

Bí mo ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ rèé, torí ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo máa ń jókòó sórí àpótí níta gbangba nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, mo gbé e sí itan, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ikùn mi. Bí ẹ bá gbé etí rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gba etí-etí lọ. Mo máa ń fi aṣọ tí mo rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí mo fún gbẹ, di etí náà mú fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ̀jẹ̀ lè wá síbẹ̀. Mo á wá fi Vaseline tín-ín-tín pa á, kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, kó má tàn mọ́ irun. Mo fi òwú kíká há abẹ́ etí kí n má gún ìka ara mi. Ẹ̀gbẹ́ iṣan ni mo ń gún, kì í ṣe orí iṣan. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan á yọ, mo fi ẹnu sítírípù, ìyẹn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ki bọ mítà, kàn án, ó fà á. Mo fi òwú tẹ ibẹ̀ títí tí yóò fi dá. Lẹ́yìn náà ni ẹran adìyẹ bíbọ̀, bíńtín, ìwọ̀n èékánná. Ọ̀sẹ̀ kejì, bó bá ti rí mítà, fúnra rẹ̀ ló ń wá gun itan mi.

Mítà yòówù tí ẹ ní ni kí ẹ máa lò láìpààrọ̀. Mítà tèmi ní Ìlawẹ̀ àti ti kẹ́míìsì ní Adó kò bára mu láé.


Dókítà Ẹranko, Ìkéré-Èkìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún ọ̀rọ̀ mítà. Mítà tí a ṣe fún èèyàn sábà máa ń kà kéré sí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò, torí bí ṣúgà ṣe pín sáàárín omi ẹ̀jẹ̀ àti hóró pupa tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Mítà kan wà tí wọ́n ń pè ní AlphaTrak tí wọ́n ṣe fún ẹranko, àmọ́ sítírípù rẹ̀ ṣòro láti rí níbí, ó sì wọ́n. Ti èèyàn ṣeé lò, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ó ń kà sísàlẹ̀. Bí mítà yín bá ń kà 5, 12, 20 dípò ọgọ́rùn-ún, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ẹ ó rí irú iye tí a ń sọ níbí.

Ẹ má sì gbára lé iye tí ẹ rí ní ilé ìwòsàn nìkan. Ológbò tí wọ́n dè mọ́ inú agbọ̀n lórí ọ̀kadà láti Ìgẹdẹ̀ dé Adó, ìpayà nìkan lè gbé ṣúgà rẹ̀ kọjá 300, kódà bí kò bá ní àtọ̀gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ti ilé fi dára jù.


Ìyá Dúdú, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, Dókítà. Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti pe dókítà wa, ó ní 1 ni, kò sì bínú.

Dókítà, ẹ bi mí nípa abẹ́rẹ́ ara yíyún. Lọ́dún tó kọjá, ara ń yún Dúdú, ó ń fi eyín fa irun rẹ̀ tu. Ẹnì kan tó ń gún ẹran ládùúgbò gún un lẹ́ẹ̀mẹta, ara yíyún sì lọ. Mi ò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Eyín rẹ̀ kan ti dúdú, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn, mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Nípa oúnjẹ, òtítọ́ ni kí n sọ. Ohun tí mo bá jẹ lòun náà ń jẹ. Ọmọ Èkìtì ni wá, uyán kì í wọ́n nílé wa. Mo máa ń gé òkèlè kékeré fún un, mo ti ọbẹ̀ bọ̀ ọ́, mo fi ẹja lé e lórí. Òun ló ń jẹ láti ọdún 11. Ṣé èmi ni mo fa àìsàn yìí?


Dókítà Ẹranko, Ìkéré-Èkìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Ìyá wa. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá, tó dàgbà, tó sanra, òun ni àtọ̀gbẹ máa ń mú jù láàárín ológbò. Abẹ́rẹ́ ara yíyún yẹn, bó bá jẹ́ irú èyí tí mo rò, ìyẹn sítẹ́róìdì, ó máa ń mú kí ara kọ etí ikún sí ínsúlínì, ó sì lè tú àtọ̀gbẹ síta lára ẹran tó ti wà létí bèbè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gún un bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà yín mọ̀. Eyín tó bàjẹ́ náà, ọyún tó wà nídìí rẹ̀ ń gbé ṣúgà sókè lójoojúmọ́. Bákan náà ni àrùn inú ọ̀nà ìtọ̀, tó máa ń bá ìtọ̀ tó ní ṣúgà rìn. Ìgbà mìíràn, ohun tó ń mú kí ínsúlínì má ràn kì í ṣe ínsúlínì rárá.

Uyán ni ká wá sọ. Ẹran ni ológbò, ẹran ló sì ń jẹ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ara rẹ̀ kò mọ bó ṣe ń ṣe kíákíá pẹ̀lú iṣu, gàrí, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun inú wọn ló ń di ṣúgà lára rẹ̀. Adìyẹ bíbọ̀ tí a yọ egungun rẹ̀, ẹja bíbọ̀, ẹyin, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi ata sí i. Àlùbọ́sà, láéláé, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ọbẹ̀ wa sì kún fún un. Ẹran lásán fún oṣù gbọọrọ kò pé fún un ṣá, ó nílò àwọn èròjà kan bíi táúrínì àti kálísíọ́mù, nítorí náà bí agbára bá ká a, oúnjẹ inú agolo tí a ṣe fún ológbò, èyí tó tutù, dára ju oníhóró gbígbẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má gba uyán lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ẹ sì máa gún iye kan náà láìwo mítà. Bí ìyẹ̀fun bá dín kù, ínsúlínì tí ara nílò á dín kù pẹ̀lú, ìwọ̀n tó bá a mu lánàá lè di àpọ̀jù lọ́la. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún yí i padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó lọ́sàn-án ní gbogbo ọjọ́ yẹn.


Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà, ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sírínjì, torí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ológbò ẹ̀gbọ́n mi.

Ínsúlínì èèyàn bíi Lantus jẹ́ U-100, ìyẹn yúnìtì 100 nínú mílílítà kan. Ti ẹranko bíi Caninsulin tàbí ProZinc jẹ́ U-40, yúnìtì 40 nínú mílílítà kan. Sírínjì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí sírínjì wa tán, mo rí sírínjì U-40 tí ẹnì kan fi ránṣẹ́, mo fi fa Lantus dé ìlà 2. Ìlà 2 lórí U-40 jẹ́ 0.05 mílílítà. Nínú Lantus, yúnìtì 5 nìyẹn! Ọlọ́run ló yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi dé kí n tó gún un. Bí ẹ bá sì yí i padà, tí ẹ fi sírínjì U-100 fa ínsúlínì U-40 dé ìlà 2, 0.8 péré ni ẹran rí gbà, ẹ ó wá máa rò pé oògùn ti bàjẹ́.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára sírínjì nígbà gbogbo. Ti 0.3 mílílítà tó ní ìlà ààbọ̀ yúnìtì ni ẹ wá, torí ti 1 mílílítà kò jẹ́ kí ojú rí yúnìtì 1 dáadáa.


Ọmọ Àfin, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbìyànjú omi ewúro, mà. Bàbá mi ń mu ún, ṣúgà rẹ̀ ń wálẹ̀. Owó Lantus yẹn ti pọ̀ jù fún ológbò.


Nọ́ọ̀sì Ìdó, Ìdó-Èkìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́. Ewúro dára lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ológbò kì í mu ohun kíkorò. Bí ẹ bá fi ipá dà á sí i lẹ́nu, á bì, kò ní jẹun, ínsúlínì tí ẹ ti gún yóò sì wà lára láìsí oúnjẹ nínú. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí wọ́n bá sì fi ewúro rọ́pò ínsúlínì, ẹran tí ínsúlínì tán lára rẹ̀ á máa jó ọ̀rá ara rẹ̀, májèlé á kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Á máa bì, kò ní jẹun, èémí rẹ̀ á ní òórùn bí èso tó ti kẹ̀. Irú èyí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nílé.

Ní ti pé ológbò ni: ajá ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán ínsúlínì wò ní Toronto lọ́dún 1921, kí wọ́n tó gún ọmọkùnrin kan nínú oṣù kìíní ọdún 1922. Ẹranko ló ṣíwájú wa nínú oògùn yìí. Mi ò rí ohun tó burú bí a bá dá a padà fún wọn.


Màmá Ìṣàn, Ìṣàn-Èkìtì
Ọjọ́rú, 5:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ iná. Níbí, iná lè má wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí ẹ ò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, níbi tí kò ti ní dì. Ínsúlínì tó bá ti dì rí, ẹ dà á nù. Èyí tí ẹ ti ṣí, ìwé inú páálí rẹ̀ ní ọjọ́ 28 ni kò gbọdọ̀ kọjá, níbi tí ooru kò ti ju 30°C lọ. Ooru ilé olórùlé páànù ní oṣù kẹta ju 30 lọ dáadáa.

Amọ̀ ló gbà wá sílẹ̀. Ìkòkò ńlá kan, ìkòkò kékeré nínú rẹ̀, yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ irú rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n sì fún un lẹ́bùn ńlá nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé omi inú àmù máa ń tutù. Mo fi ínsúlínì sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí kó má bàa rin. Lásìkò ọyẹ́ ó ń tutù gan-an. Lásìkò òjò agbára rẹ̀ kì í pọ̀, torí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Ẹ má gbé e sórí fèrèsé, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò. Lantus mọ́ kedere bí omi. Bí ẹ bá rí i tó ṣú tàbí tó ní ẹ̀tù, ẹ má lò ó.


Ìyá Dúdú, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, 8:15 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ra ìwé. Mo la òpó márùn-ún sí i bí Bàbá Ìlawẹ̀ ṣe wí. Dókítà wa ní kí n wò ó ní wákàtí méjì méjì láti àárọ̀ dé alẹ́, yúnìtì 1 ni, uyán ti kúrò pátápátá. Bó ṣe rí lónìí nìyí:

Aago 7 àárọ̀, kí n tó gún un: 312
Aago 9: 251
Aago 11: 164
Aago 1 ọ̀sán: 103
Aago 3: 97
Aago 5: 158
Aago 7 alẹ́: 229

Ó jókòó tì mí láti àárọ̀. Etí rẹ̀ ò wú. Aago 3 tí mo rí 97, àyà mi já, ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó ń hanrun, nígbà tí mo ṣí agolo ó dìde fúnra rẹ̀. Mo tún mú un lọ yọ eyín dúdú yẹn lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ṣé kí n fi kún un nítorí 312 àárọ̀?


Dókítà Ẹranko, Ìkéré-Èkìtì
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:00 alẹ́

Ìyá wa, inú mi dùn! Ẹ wò ó bí òkè tó sọ̀ kalẹ̀ wọ àfonífojì tó sì tún ń gòkè jẹ́jẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ 97, lórí mítà tó ń kà kéré. A fẹ́ kí ìsàlẹ̀ wà láàárín 80 sí 150. Ẹ má fi nǹkankan kún un. Bí ẹ bá tẹ̀ lé 312, ẹ ó ti 97 wọ kòtò. Ìsàlẹ̀ ni a fi ń mọ iye tí a ó gún, òkè á máa tẹ̀ lé e wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Ìyókù ohun tí ẹ ó wò ni omi àti ìwọ̀n ara. Nígbà tí ṣúgà bá ju nǹkan bí 250 sí 290 lọ ló máa ń ṣàn wọnú ìtọ̀ tí á sì máa fa omi jáde, nítorí náà bí omi mímu bá ti dín kù, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́ ló fi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí: bí iye àárọ̀ tàbí ti alẹ́, kí ẹ tó gún un, bá kéré sí 200, ẹ dúró. Ẹ má tíì fún un lóúnjẹ. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì pe dókítà yín kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.


Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì
Ọjọ́ Àìkú, 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú oríire mà! Dókítà, jọ̀wọ́ sà: bí abẹ́rẹ́ bá jáde lódìkejì awọ, tí irun tutù, ṣé ká tún gún un?


Dókítà Ẹranko, Ìkéré-Èkìtì
Ọjọ́ Àìkú, 2:45 ọ̀sán

Rárá. Bí o ò bá mọ iye tó wọlé, má tún un gún. Ṣúgà gíga fún wákàtí 12 kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínsúlínì ìlọ́po méjì. Bí kò bá jẹun, tàbí tó bá bì lẹ́yìn oúnjẹ, má gún iye kíkún, pe dókítà. Ibi tí o ń gún, máa yí i: òsì láàárọ̀, ọ̀tún lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìhà ju ọrùn lọ.


Ìyá Dúdú, Adó-Èkìtì
Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, Ọjọ́bọ̀, 7:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tutù láìsọ ibi tó já sí.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni iye àárọ̀ ti ń wálẹ̀: 221, 198, 176. Lónìí, 138. Mo dúró, mi ò fún un lóúnjẹ, mo tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, 141. Mo pe dókítà wa kí n tó fọwọ́ kan sírínjì. Ó ní ká sọ ọ́ di ààbọ̀ yúnìtì láàárọ̀ àti lálẹ́, ká sì máa wò ó lọ́sàn-án gbogbo. Ó ní àwọn ológbò kan máa ń bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ pátápátá bí wọ́n bá tètè mú ṣúgà wọn so, ṣùgbọ́n kí n má tíì ka Dúdú mọ́ wọn, kí n máa kọ ìwé mi lọ.

Kílò 5.1 ni báyìí. Omi ife kan kì í tán lójúmọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì tọ́ pátá, ẹsẹ̀ òsì ṣì máa ń tẹ́ díẹ̀ bó bá rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ní àná, mo wà ní kíṣíìnì, mo gbọ́ gbì. Mo sáré jáde, mo rò pé ó tún ṣubú. Orí àga rẹ̀ ni mo bá a, ó ti ká ìrù mọ́ra, ó ń la ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdó, mo ní sítírípù páálí méjì tí kò bá mítà mi tuntun mu, ọjọ́ wọn ò tíì kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lo irú mítà tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, kó bá mi sọ̀rọ̀, mo ń bọ̀ ní ọjà Ìdó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.